Owó Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà àti Ẹ̀kọ́ Òkè Òkun: Ta Ló Ní Àṣẹ?

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà máa ń rán àwọn ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn lọ sí Dubai, Lọ́ńdọ̀nù, Bangalore tàbí Singapore kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń ṣe àkóso ẹ̀rọ, ewu àti owó. Àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ kan náà ló tún máa ń ráhùn pé ìnáwó ẹ̀ka yìí kò yé àwọn. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó yẹ kí a béèrè bóyá ìmọ̀ ni kò tó lóòótọ́. Àwọn kan ní kí a túbọ̀ máa rán ènìyàn lọ, pé ohun tí wọ́n nílò kò sí nílé. Àwọn kan ní kí a fòpin sí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, pé fàájì ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ bò. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ ni àwọn méjèèjì ń jà lé lórí. Ẹ̀kọ́ nípa ìnáwó kọ̀ǹpútà máa ń so èso níbi tí ẹni tí ó kọ́ ọ bá ti ní àṣẹ lórí owó náà, tí wọ́n sì lè bi í léèrè. Níbi tí àṣẹ kò bá sí, ì báà jẹ́ Harvard ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí lásán ni yóò gbé bọ̀ wálé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo owó náà fúnra rẹ̀. Iye tí a ra sọ́fítíwíà kọ́ ni iye tí yóò ná wa. Nínú àdéhùn àwọn tí ń ta sọ́fítíwíà ńlá, owó ìtọ́jú ọdọọdún sábà máa ń wà ní àyíká ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a rà á. Tí ọdún márùn-ún bá fi pé, ẹni tí ó rà á ti tún un rà lẹ́ẹ̀kejì láìfura. Owó sáfà (server) ṣì wà níwájú, owó íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, owó àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ náà wà níbẹ̀, títí kan owó tí a ó fi kó dátà wa jáde lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ yí padà. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí ń ná ju bílíọ̀nù 100 dọ́là lọ lọ́dún lórí kọ̀ǹpútà, kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. GAO, ilé iṣẹ́ tí ń bá àwọn aṣòfin wọn yẹ ìnáwó ìjọba wò, ti sọ ọ́ léraléra pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ló ń lọ sórí ìtọ́jú ohun tí ó ti wà nílẹ̀. Nínú àyẹ̀wò wọn ti 2019, wọ́n dárúkọ ẹ̀rọ pàtàkì mẹ́wàá tí ó ti gbó, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn sì ti tó ẹni ọdún 51. Ọ̀gá tí ó bá jókòó láti ṣètò ìṣúná níbẹ̀, ìdá 20 péré ló kù tí ó lè fi pinnu ohun tuntun.

Ní tiwa, apá kan wà nínú ìnáwó yìí tí kì í hàn nínú ìwé ẹ̀ka kọ̀ǹpútà rárá. Yàrá sáfà kì í sinmi. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, bátìrì ńlá ń dúró de ìgbà tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ sì ń jó epo dísù lẹ́yìn ilé. Lójú ìwé, ẹ̀ka ìṣàkóso ló ra dísù, òun náà ló san owó iná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, dísù kò tó 300 náírà lítà kan. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá 800. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí ń rí iná jù, fò láti 68 náírà dé 225 náírà fún kilowatt wákàtí kan. Ní ilé iṣẹ́ tí ó bá ń pín owó rẹ̀ báyìí, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kò ní rí gbogbo èyí nínú ìwé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá ń ṣe ìṣirò bóyá kí àwọn tọ́jú sáfà sílé tàbí kí àwọn yá a lórí cloud, ìyẹn sáfà ẹlòmíràn tí a ń lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tilé yóò máa dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú, nítorí pé apá ńlá nínú gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ dọ́là tún le ju ìyẹn lọ. Kí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tó yí ètò pàṣípààrọ̀ padà ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 470 náírà ní ọjà ìjọba. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ń san 50,000 dọ́là lọ́dún fún láísẹ́ǹsì. Mílíọ̀nù 23.5 náírà ni tẹ́lẹ̀. Ó di mílíọ̀nù 75. Wọn kò ra ẹ̀rọ kankan kún un, wọn kò gba òṣìṣẹ́ tuntun, oníbàárà kò sì pọ̀ sí i. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà tí ó kọ ìṣúná rẹ̀ ní náírà nìkan yóò dà bí onínàákúnàá lójú àwọn olùdarí. Èyí tí ó bá kọ ọ́ ní náírà àti dọ́là yóò lè fi ìka tọ́ ọ pé iṣẹ́ kò yí padà, pàṣípààrọ̀ ló gbé owó sókè, á sì lè béèrè pé kí wọ́n tún àdéhùn náà yẹ̀ wò. Ìpinnu tí irú ìṣirò báyìí kàn kì í ṣe kékeré. Ní 2024, GTBank kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí Finacle, sọ́fítíwíà báǹkì tí Infosys ti Íńdíà ṣe. Láàárín àkókò kan náà, Sterling Bank kúrò lórí sọ́fítíwíà Temenos, ilé iṣẹ́ ará Switzerland, ó sì bọ́ sórí SeaBaaS tí wọ́n ṣe nílé. Ọ̀nà méjì tí ó yàtọ̀ síra ni wọ́n tọ̀, àwọn oníbàárà báǹkì méjèèjì sì fara gbá ìdààmú ìṣíkúrò náà. Èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì kò lè hàn láàárín ọdún kan; owó ìtọ́jú ọdún mẹ́wàá tí ń bọ̀ ni yóò sọ ọ́.

Ìnáwó ńlá nìyẹn. Ti kékeré náà tó ohun tí à ń wò. Àwọn tí ń kọ sọ́fítíwíà máa ń ní sáfà ìdánwò lórí cloud. Bí wọ́n bá ń lò ó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, wákàtí 50 ni. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pa á, ilé iṣẹ́ yóò máa san owó wákàtí 118, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí sáfà tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ń sùn tàbí tí ó wà ní òde àríyá. A kò nílò físà kí a tó mọ èyí. Ohun tí a nílò ni pé kí orúkọ ẹnì kan wà lára sáfà kọ̀ọ̀kan, kí owó rẹ̀ hàn nínú ìwé ẹ̀ka tí ń lò ó, kí ẹni tí ó rí i sì ní ẹnu láti sọ pé kí wọ́n pa á. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní FinOps, èyí tí wọ́n dá àjọ sílẹ̀ fún ní 2019, orí ìlànà yìí ló dúró lé: kí onímọ̀ ẹ̀rọ, oníṣirò owó àti ẹni tí ó ni òwò jọ máa wo bílì kan náà, kí wọ́n sì jọ dáhùn fún un. Ó ṣòro láti rí ẹni tí kò lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ilé iṣẹ́ tí yóò gbà kí ẹni tí ó kọ́ ọ ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ òkè òkun nìkan ni oògùn, àwọn tí ń gbé òkè òkun kò ní máa ṣe àìsàn yìí. Ní oṣù kẹrin 2018, báǹkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àkáǹtì àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tuntun. Nǹkan dàrú, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 ènìyàn ni kò rí àkáǹtì wọn wọ̀. Rògbòdìyàn náà ná báǹkì yìí ju mílíọ̀nù 300 pọ́n-ùn lọ, àwọn alábòójútó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé e ní oṣù kejìlá 2022. Ètò kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wọn, NHS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tún burú ju ti TSB lọ. Wọ́n kéde pé àwọn yóò tú u ká ní 2011, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tí ń yẹ owó ìlú wò sì sọ ní 2013 pé owó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn. Olú ìlú ni wọ́n ti ṣe àdéhùn rẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn tí yóò lò ó kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ẹnu níbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí Oxford àti Cambridge wà, a kò lè sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ló jìnnà. Ẹni tí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta kò sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu owó.

Amẹ́ríkà ti gbìyànjú láti fi òfin tún èyí ṣe, ìtàn rẹ̀ sì ṣe kedere. Òfin Clinger-Cohen ti 1996 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yan ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Oyè dé, àwọn ọ̀mọ̀wé dé, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìṣúná wà. Ní oṣù kẹwàá 2013, HealthCare.gov, ìkànnì tí ará ìlú yóò fi ra ìdójútòfò ìlera, dẹnu kọlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Lẹ́yìn ìdààmú yẹn, ní oṣù kejìlá 2014, òfin FITARA jáde, ó sì ní kí ọ̀gá kọ̀ǹpútà máa fọwọ́ sí ìṣúná kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2015 ni àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì lójútáyé, láti A dé F. Ètò pípa àwọn yàrá sáfà tí kò wúlò mọ́, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2010, rí agbára òfin gbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti pa. Òfin náà kò wo gbogbo àrùn sàn; ìdá 80 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kò tíì lọ. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn kan náà, pẹ̀lú ìmọ̀ kan náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí wọn kò lè ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọwọ́ wọn ti tó kọ́kọ́rọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a tú bílì ìdálẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun kan wò: owó físà, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, hòtẹ́ẹ̀lì, estacode (owó àjẹmọ́nú ìrìn àjò), àti owó ẹ̀kọ́. Nínú márààrún, ọ̀kan ṣoṣo ló ra ìmọ̀. Ní 1959, Donald Kirkpatrick ará Amẹ́ríkà là á sílẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà wọn ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́: bóyá ó gbádùn rẹ̀, bóyá ó mọ nǹkan níbẹ̀, bóyá ìṣesí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yí padà, àti bóyá ilé iṣẹ́ rí èrè rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń pín lọ́jọ́ ìkẹyìn, tí ń béèrè bóyá oúnjẹ dára àti bóyá olùkọ́ mọ iṣẹ́, kò kọjá ìpele kìíní. Ìwé ẹ̀rí dé ìpele kejì. Ìpele kẹta àti ìkẹrin, níbi tí owó wà gan-an, ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Ní oṣù kẹta 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun dá ìrìn àjò òkè òkun tí a ń fi owó ìlú ṣe dúró fún oṣù mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Ó yéni ìdí tí wọ́n fi ṣe é, nítorí owó kò sí. Ṣùgbọ́n ìfòfindè ń pa èyí tí ó wúlò mọ́ èyí tí kò wúlò, ìbéèrè nípa ohun tí ẹni tí ó lọ ń bọ̀ wá ṣe kò sì rí ìdáhùn.

Owó ẹ̀kọ́ kúkú wà nílé. ITF, àjọ ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́, ó sì lè dá tó ìdajì rẹ̀ padà fún èyí tí ó bá fi hàn pé òun kọ́ àwọn ènìyàn òun níṣẹ́. Àpẹẹrẹ rere láti ibòmíràn náà kò ṣọ̀wọ́n. Ètò JICA ti ìjọba Jàpáànù, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí ó ń ṣe fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti ilẹ̀ mìíràn, máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìṣòro ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá, kí ó sì kọ ètò ohun tí yóò ṣe nílé kí ó tó padà. Ètò ITEC ti Íńdíà, tó wà láti 1964, ń san tíkẹ́ẹ̀tì, ibùgbé àti owó ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó bá pè, kò sì fi dọ́là lé ilé iṣẹ́ lọ́rùn. Singapore ní tirẹ̀ pe olùkọ́ wálé. Ní 1981, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kọ̀ǹpútà orílẹ̀-èdè sílẹ̀ pẹ̀lú ètò láti fi kọ̀ǹpútà sínú iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún kan náà, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní yunifásítì wọn pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ IBM, wọ́n sì tún bá Jàpáànù dá òmíràn sílẹ̀ láìpẹ́. Ètò ìjọba tí ó nílò irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: ní àwọn ọdún 1960, IBM ní ilé ẹ̀kọ́ kan fún ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìgbà kan wà tí àwọn ará ibòmíràn ń wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa nítorí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ìrìn àjò yóò sọ pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, wọn kò sì purọ́. Ohun kan wà nínú kí ènìyàn jókòó ní ilé iṣẹ́ tí bílì cloud ti ń hàn lára ògiri fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn tí ń ta sọ́fítíwíà jà lórí iye owó, kí ó sì ní ojúlùmọ̀ tí yóò lè pè lọ́jọ́ ìṣòro. Ìwé kò lè kọ́ni ní gbogbo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń tì lẹ́yìn ni pé kí a rán ènìyàn lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe irú iṣẹ́ wa, kí ó sì pẹ́ níbẹ̀. Kò ti ọ̀sẹ̀ kan nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn, níbi tí ọmọ Nàìjíríà ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àtakò kejì ni ti jàpá: a ó náwó lé ènìyàn lórí, yóò sì bá ẹ̀kọ́ náà lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ń fi bọ́ńdì dè wọ́n, ṣùgbọ́n bọ́ńdì lè dá ara dúró láìdá ọkàn dúró. Ààbò tí ó dára jù ni kí ìmọ̀ náà di ìlànà kí ẹni náà tó lọ: ìwé àdéhùn àwòkọ́ṣe tí ó sọ irú owó tí a ó fi san, tí ó sì sọ bí a ó ṣe gba dátà wa padà, orúkọ lára sáfà kọ̀ọ̀kan, ìròyìn oṣooṣù tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi ń rí ohun tí ó ná. Ẹni tí ó kọ wọ́n lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́la, ìlànà kò ní bá a wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àṣẹ kò lè sọ ohunkóhun di ìlànà, ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa ń bá a lọ pátápátá.

Àwọn kan tún ní kí a fi owó sílẹ̀ fún oníṣirò owó, kí onímọ̀ ẹ̀rọ gbájú mọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n oníṣirò owó ń rí bílì lẹ́yìn tí gbèsè ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó yan irú sáfà, tí ó yan sọ́fítíwíà tí a kò lè tètè kúrò lórí rẹ̀, òun ló ti ná owó náà kí ìwé tó dé iwájú oníṣirò. Àtakò tí ó lágbára jù ni èyí tí wọn kì í fẹ́ sọ síta: pé bí a bá fún ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní àṣẹ lórí owó, yóò bù nínú rẹ̀, yóò sì bá àwọn tí ń tajà lẹ̀dí àpò pọ̀. Ewu náà wà lóòótọ́. Àìdánilójú ẹni tí ó ni ìpinnu ló ń bọ́ ọ, nítorí pé níbi tí ọwọ́ márùn-ún ti fọwọ́ sí ìwé, kò sí ẹni tí a lè mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 ní kí báǹkì kọ orúkọ ẹni tí ojúṣe kọ̀ọ̀kan wà lọ́rùn rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí òfin yìí ni àwọn alábòójútó fi lè bu ìtanràn tí ó lé ní 81,000 pọ́n-ùn lé ọ̀gá kọ̀ǹpútà TSB fúnra rẹ̀ ní 2023, pé kò rí i dájú tó pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ti ṣe tán. Ní Nàìjíríà, NITDA, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ń béèrè pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba gba àṣẹ lọ́wọ́ òun kí ó tó ná owó lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìbẹ̀rẹ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ṣáájú iṣẹ́ kò tó. Ó yẹ kí orúkọ ẹnì kan wà tí yóò dáhùn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé èló ni ó ná wa, kí ni a sì rí gbà.

Nítorí náà, kí ilé iṣẹ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ìnáwó wo gan-an ni ẹni tí ń lọ yóò bójú tó nígbà tí ó bá dé, àṣẹ wo ni yóò ní lórí rẹ̀, àti ọjọ́ wo ni a ó bi í nípa èsì rẹ̀. Bí ìdáhùn bá wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó lọ, ì báà jẹ́ Tokyo. Owó rẹ̀ yóò padà wọlé láti ara sáfà tí a pa àti àdéhùn tí a tún ṣe. Bí ìdáhùn kò bá sí, kí wọ́n fi owó náà ra dísù, ó kéré tán iná yóò tàn. Ẹrù iṣẹ́ sì wà lórí àwọn olùdarí ju àwọn ọ̀gá kọ̀ǹpútà lọ: àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ sí ìrìn àjò láìjanpata, tí wọ́n sì ń lọ́ra láti fọwọ́ sí ìwé tí yóò gbé ìṣúná fún ẹni tí ó ti ìrìn àjò náà dé.